Maṣíìnì wo ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ìránṣọ tí ọwọ́ ń ro, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè tẹ pẹ́dà?

AránṣọTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ìránṣọ. Mo fẹ́ kọ́ aṣọ rírán nínú ilé, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ara mi gbà, ó sì ní èyí tí kò gbà. Làkúrègbé wà ní oríkèé ìka ọwọ́ mi méjèèjì. Tó bá di àárọ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi kì í lè fún nǹkan tín-ín-rín mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi náà kò lágbára: mo lè gbé e lé orí nǹkan, àmọ́ mi ò lè tẹ nǹkan jẹ́jẹ́ kí n sì dá a dúró síbi tí mo bá fẹ́. Ojú mi ríran dáadáa bí iná bá ti wà.

Ohun tí mo fẹ́ rán kò nípọn: àpò ìrọ̀rí, kọ́tìnnì, títún aṣọ tó ya ṣe, aṣọ ọmọdé tó bá yá.

Ẹnìkan nínú ẹbí fẹ́ fún mi ní maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ní kí n ra èyí kékeré tó ń lo bátìrì torí pé ó fúyẹ́. Èmi fúnra mi ti rí àwọn kan tó ní bọ́tìnnì níwájú, tí wọ́n ní èèyàn lè fi rán aṣọ láì fọwọ́ kan pẹ́dà rárá. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n máa wò kí n tó rà?

ÌkaRere

Òótọ́ ni o, òun gan-an sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bọ́tìnnì yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ START/STOP sí i lára tàbí sínú ìwé ìlànà, iwájú maṣíìnì ló máa ń wà, lókè abẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, maṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ẹ tún un tẹ̀, á dúró. Kò gba agbára, ẹ̀yìn ìka tí a ká kò pàápàá tó o. Nítòsí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun kékeré kan tí à ń tì sọ́tùn-ún sósì, òun ló ń sọ bí eré maṣíìnì ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ rí papọ̀. Tí bọ́tìnnì bá wà tí ohun tó ń dín eré kù kò sí, ẹ má rà á, torí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè bá eré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ maṣíìnì inú ilé máa ń gún ojú ìrán 600 sí 850 ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ tán. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò nílò ìdajì rẹ̀.

Ohun mẹ́ta kan wà tó máa ń dààmú àwọn tó ń fi bọ́tìnnì rán aṣọ. Àkọ́kọ́, lórí ọ̀pọ̀ maṣíìnì, bọ́tìnnì yìí kì í ṣiṣẹ́ tí wáyà pẹ́dà bá ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù pé ó ti bàjẹ́, pẹ́dà ni wọn ò sì yọ. Ìkejì, tí ẹ kò bá tíì sọ ẹsẹ̀ maṣíìnì kalẹ̀ (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ yẹn ni mò ń sọ), á kọ̀ kò ní rán, á máa dún. Ìkẹta ló gba sùúrù jù: ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ kúrò lára aṣọ kí ẹ tó lè dá a dúró. Nítorí náà, ẹ má dúró dé ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá dé igun. Ẹ dá a dúró nígbà tó bá ku nǹkan bí ojú ìrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì abẹ́rẹ́ parí ìyókù.

Bọ́tìnnì abẹ́rẹ́ yìí ṣe pàtàkì fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á wọlẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, á gòkè. Ojú ìrán kan nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní in, wíìlì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa máa fi ọwọ́ yí láràárọ̀ láṣàálẹ́, yíyí bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí ọrùn ọwọ́ oníláakúrègbé kì í fẹ́. Tí maṣíìnì bá ṣeé tò pé kí abẹ́rẹ́ máa dúró sínú aṣọ nígbàkígbà tí ẹ bá dá a dúró, ẹ tò ó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ò ní yẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò.

Ní ti àwọn méjì tí wọ́n fi lọ̀ yín: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹlẹ́sẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń wakọ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ ní ìdọ́gba. Tí ẹsẹ̀ bá tàsé, wíìlì á yí padà sẹ́yìn, òwú á lọ́ pọ̀ tàbí kó já. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọlọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa yí i, ọwọ́ òsì nìkan ni yóò kù lórí aṣọ.

Kékeré oníbátìrì yẹn ńkọ́? Fífúyẹ́ rẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀. Bí ẹ bá ti fa aṣọ díẹ̀, òun náà á tẹ̀ lé e lórí tábìlì, ọwọ́ tó ń dùn yín náà ni ẹ ó sì fi dì í mú. Àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú bíi sitepúlà, òwú kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Tí ẹ bá fa ìdí òwú náà, gbogbo ìrán á tú. Àwọn tó ní bọ́bìn (kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń yí òwú ìsàlẹ̀ sí) kì í sábà jẹ́ kí èèyàn yan bí ojú ìrán ṣe máa gùn tó, tó bá sì dé orí ìṣẹ́po kọ́tìnnì, agbára rẹ̀ á tán.

Atúnmaṣíìnìṣe

ÌkaRere ti sọ èyí tó le jù nípa pẹ́dà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ bọ́bìn àti òwú, torí pé lọ́dọ̀ ẹni tí ìka ń dùn, ìránṣọ gan-an kọ́ ló ń pa ọwọ́, ìmúra sílẹ̀ ni.

Oríṣi ibùdó bọ́bìn méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà níwájú, lábẹ́ ibi tí à ń rán aṣọ sí. Ẹ ó ki bọ́bìn bọ inú ilé onírin kékeré, ẹ ó fi èékánná ṣí ahọ́n rẹ̀, ẹ ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ ó tì í wọ inú ihò tí ojú yín ò rí dáadáa títí yóò fi dún “kẹ́”. Tí kò bá dún, kò tíì wọlé, abẹ́rẹ́ sì lè ṣẹ́ lórí ìrán àkọ́kọ́. Fífún nǹkan kékeré mú ni gbogbo iṣẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le.

Èkejì wà lókè, ìdérí rẹ̀ sì máa ń jẹ́ ike tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ ju bọ́bìn sínú ihò, ẹ fa òwú gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, ó parí. Nítorí pé ìdérí mọ́ kedere, ẹ tún máa rí i tí òwú bá fẹ́ tán. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni ìhà tí òwú ń gbà jáde. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ, tí ẹ bá di bọ́bìn mú níwájú ojú yín, tí òwú sì ń já sílẹ̀ lápá òsì, bíi lẹ́tà P, bí ẹ ṣe máa jù ú sínú ihò nìyẹn. Tí ẹ bá wá fa òwú, bọ́bìn gbọ́dọ̀ máa yí sí òdìkejì ìrìn aago. Tí ẹ bá dà á kọ, òwú ìsàlẹ̀ kò ní le, ojú ìrán á máa dẹ̀.

Ẹ má sì ra bọ́bìn tí ẹ kàn rí. Àwọn kan jọra lójú ṣùgbọ́n gíga wọn yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ti tó láti mú kí òwú há. Tí ìwé ìlànà bá ní ike, ẹ má fi onírin sí i.

Èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lágara ni òwú tó lọ́ pọ̀ rúdurùdu lábẹ́ aṣọ. Bọ́bìn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, wọ́n á máa tú u, wọ́n á máa tún un fi sí, ìka á máa dùn wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú òkè ló fà á. Inú maṣíìnì, àwo irin pẹlẹbẹ méjì ló ń fún òwú òkè mú. Tí ẹsẹ̀ maṣíìnì bá wà lókè, àwo méjèèjì á là, òwú á wọ àárín wọn. Tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á pa dé, òwú á kàn gba orí wọn kọjá. Nítorí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè kí ẹ tó ki òwú, nígbà gbogbo. Ẹ lè dán an wò báyìí: pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè, ẹ fa òwú lápá abẹ́rẹ́, á máa wọ́ bọ̀ láì janpata. Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ tún fà á, á le débi pé abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, òwú kò sí nínú àwo, ẹ tún un kì.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni irin tó ń bá èèyàn fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sọ fún yín pé ó wà, ẹ lò ó fúnra yín. Àwọn kan ní apá gbọọrọ tí ẹ lè fi ẹ̀yìn ìka tẹ̀ sísàlẹ̀, àwọn míì ní apá kúkúrú tó gba èékánná, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kí ẹ máa yí i nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Èyí ìkẹyìn kò yẹ yín. Ìkọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ó sì máa ń tẹ̀ tí wọ́n bá fi ipá mú un nígbà tí abẹ́rẹ́ kò sí lókè pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì gbé abẹ́rẹ́ dé òkè. Ẹ sì mọ̀ pé kì í bá abẹ́rẹ́ tínrín ṣe: nọ́ńbà 75 sí 100 ni ọ̀pọ̀ wọn gbà.

Tí irin yìí bá kọ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí ojú rẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó kàn fi òwú rá ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ wá sísàlẹ̀, á wọ ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ àti èyí tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni kí ẹ fi rán, torí ibi tó là yẹn ti dín agbára rẹ̀ kù, òwú sì máa ń yọ níbẹ̀ nígbà míì.

AránṣọTuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti fagi lé ẹlẹ́sẹ̀ àti oníbátìrì. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ní orúnkún lèèyàn fi ń gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, kí ọwọ́ lè dúró lórí aṣọ. Ṣé ìyẹn á gbè mí? Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní èyí tó wúwo ló ń pẹ́.

BàbáOlóòwú

Ọmọ mi, ọ̀pá orúnkún yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń sọ kalẹ̀ níwájú maṣíìnì, èèyàn á sì fi orúnkún ọ̀tún tì í sí apá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n má tíì sọ ọ́ nù, torí títì pẹ̀lú orúnkún yàtọ̀ sí títẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀: ìdí àti itan ló ń ṣe é. Jókòó sídìí rẹ̀, kí o tì í nígbà mẹ́wàá. Tí itan bá rẹ̀ ọ́ ní ìkẹfà, fi í sílẹ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ló máa ń wà, lápá ọ̀tún. Wo bó ṣe gùn tó. Èyí tó kúrú máa ń fẹ́ kí èèyàn fi ìka méjì fún un mú. Èyí tó gùn, àtẹ́lẹwọ́ lásán á gbé e. Àwọn maṣíìnì kan wà tí bọ́tìnnì ló ń gbé ẹsẹ̀ wọn. Tí agbára rẹ bá ká a, ó dára púpọ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú. Maṣíìnì tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, tí kò sì ní bọ́tìnnì START/STOP, ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Gbé pẹ́dà sórí tábìlì, lápá òsì rẹ, fi rọ́bà tí kì í yọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí o máa fi ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹran apá tẹ̀ ẹ́. Ànfààní rẹ̀ ni pé eré á máa lọ sókè sódò bí o ṣe ń tẹ̀, tí o bá sì gbé apá kúrò, ó dúró lójú ẹsẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá mọ irin lè tún un ṣe láì wá pátákó kọ̀ǹpútà kiri. Ṣùgbọ́n pẹ́dà tó bá maṣíìnì wá ni kí o lò. Pẹ́dà kì í ṣe ohun tí à ń yá lára maṣíìnì míì: iná tó ń gbà kọjá yàtọ̀ síra, ó lè jó mọ́tò. Má fi aṣọ bo pẹ́dà náà mọ́lẹ̀, torí àwọn ti àtijọ́ máa ń gbóná tí wọ́n bá fi eré díẹ̀ rán aṣọ fún ìgbà pípẹ́.

Atúnmaṣíìnìṣe

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀nà ìgbọ̀nwọ́ yẹn dára fún ẹni tí ìka rẹ̀ le tí ẹsẹ̀ nìkan kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta ko ó ní ti arábìnrin yìí. Apá tó bá wà lórí pẹ́dà kò lè darí aṣọ dáadáa, èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa ga ju èkejì lọ, kí wákàtí kan tó pé, ọrùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ohun tó tún burú ni kókó tí wọ́n ń yí láti yan oríṣi ìrán lórí maṣíìnì tí kò ní kọ̀ǹpútà. Ó máa ń le, ó sì gba kí àtàǹpàkò àti ìka fún un mú kí ọrùn ọwọ́ sì yí. Oníkọ̀ǹpútà, títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oníkókó náà ni ẹ padà rà, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí ìdérí ìgò dì í mú, kí abẹ́rẹ́ sì wà lókè, lóde aṣọ, kí ẹ tó yí i. Ẹni tó bá yí i nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ lè ṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Àmọ́ pátákó kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ iná tó ń ṣe ségesège. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára maṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ń wọ̀: ṣé fóltì 110 sí 120 ni tàbí 220 sí 240? Ó gbọ́dọ̀ bá iná ilé yín mu. Ẹ fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó ga jù sáàárín, kí ẹ sì fà á yọ lára ògiri nígbàkígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: ọ̀pọ̀ maṣíìnì ike tí irin wà nínú rẹ̀ máa ń wọ̀n tó kílò 5 sí 7. Onírin pátápátá lè ju kílò 10 lọ dáadáa. Wúwo kò túmọ̀ sí pé á pẹ́, àmọ́ ó máa ń dúró jẹ́ẹ́, kì í gbọ̀n. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé ṣé tábìlì kan máa wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Tó bá wà, ẹ ra èyí tó wúwo díẹ̀, ẹ má gbé e mọ́. Tó bá jẹ́ pé gbígbé lẹ máa máa gbé e kúrò lójoojúmọ́, ẹ má kọjá kílò 6, kí ọwọ́ ìgbé rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó le gbọn-in tí ìka mẹ́rin lè kọ́, kì í ṣe èyí tó ń ká. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀ á dín gbígbọ̀n kù.

Abẹ́rẹ́Ọgọ́rin

Mi ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ gíga tábìlì, bẹ́ẹ̀ maṣíìnì tó dára lórí tábìlì tó ga jù á ba èjìká jẹ́.

Lórí tábìlì oúnjẹ lásán, ibi tí aṣọ ń gbà kọjá lórí maṣíìnì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ga ju ojú tábìlì lọ. Nítorí náà, èèyàn á máa gbé apá sókè ní gbogbo ìgbà tó bá ń rán aṣọ. Ẹ wá tábìlì tó rẹlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àga ga sí i kí ẹ sì fi pátákó sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká bí igun àpótí nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí aṣọ. Ẹ tún ra pátákó tí wọ́n ń fi fẹ ojú maṣíìnì sí i, tí wọ́n bá ṣe é fún èyí tí ẹ rà. Ó máa ń jẹ́ kí apá sinmi, kọ́tìnnì náà ò sì ní máa já sílẹ̀ kó máa fa ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kí ó wọn ìsàlẹ̀ tábìlì kó tó rà á: orúnkún gbọ́dọ̀ wọlé láì gbún nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí imú yín dojú kọ abẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó dojú kọ àárín maṣíìnì. Apá òsì ni abẹ́rẹ́ wà, ẹni tó bá jókòó sí àárín á máa lọ́ ẹ̀yìn.

Gígé aṣọ ńkọ́? Ìyẹn ló máa ń dun ọwọ́ jù, sísọ́ọ̀sì wúwo ju ohun gbogbo lọ fún oríkèé àtàǹpàkò. Ọ̀bẹ oníwíìlì ni kí ẹ lò, èyí tí à ń yí lórí aṣọ pẹ̀lú rúlà, kí pátákó tirẹ̀ wà lábẹ́. Ẹ ra èyí tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 60. Ó máa ń gé ìpele aṣọ púpọ̀ pẹ̀lú agbára tó kéré sí ti 45. Ọwọ́ ìdìmú tó sanra tí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lè dì mú ló dára. Ẹ máa ti ẹnu rẹ̀ pa lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ó mú gan-an. Tó bá di dandan kí ẹ lo sísọ́ọ̀sì, ẹ wá èyí tó ní sipíríìnì, tó ń ṣí fúnra rẹ̀.

Kílíìpù ike ni kí ẹ fi di aṣọ papọ̀ dípò pínnì. Ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kó ṣí. Ẹ máa yọ ọ́ kó tó dé abẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì.

Kí etí aṣọ lè máa lọ gbọọrọ láìjẹ́ pé ẹ ń fi ìka fún un mú, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sápá ọ̀tún abẹ́rẹ́, kí ẹ lẹ tépù bébà mọ́ ojú maṣíìnì níbẹ̀, ìpele mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí ara wọn, kó lè ga bí ògiri kékeré. Etí aṣọ á máa fara kan án lọ, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ. Tépù náà kò gbọ́dọ̀ bo ìdérí bọ́bìn tàbí eyín maṣíìnì (irin eléyín tó ń fa aṣọ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀).

AránṣọTuntun

Ọlọ́run á san án fún yín. Mo fẹ́ lọ wo méjì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni kí n ṣe níbẹ̀ gan-an? Àwọn tó ń tà á máa ń yára ṣe gbogbo rẹ̀ lójú èèyàn, èèyàn á kàn máa mi orí.

ÌkaRere

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é o. Ọwọ́ wọn kọ́ ni yóò máa lò ó nílé. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí ìka kò tíì rọ̀, torí maṣíìnì tó bá gbà fún yín nígbà tí ara ò yá, á gbà nígbà tó bá yá. Èyí tó rọrùn fún yín lọ́sàn-án nìkan lè di ohun tí ẹ ó gbé sí kọ̀rọ̀.

Ẹ mú aṣọ òwú tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì dání, èyí tí ẹ lè ṣẹ́ sí méjì àti mẹ́rin, pẹ̀lú òwú pọ́líẹ́sítà kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti aṣọ kí ẹ lè rí ojú ìrán. Ẹ ní kí wọ́n tú gbogbo òwú inú maṣíìnì kúrò. Ẹ wá fúnra yín fi bọ́bìn síbẹ̀, ẹ ki òwú òkè, ẹ fi irin rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kẹta ni òtítọ́ máa ń hàn, torí ìgbà yẹn ni ìrora máa ń bẹ̀rẹ̀ tó bá máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ pẹ́dà, ẹ fi eré sí ibi tó kéré jù, ẹ yan ìrán gbọọrọ, kí gígùn ojú ìrán jẹ́ mìlímítà 2.5. Ẹ rán ìpele méjì, kí ẹ sì yí igun kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn, kí ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ọwọ́ yín. Tí bọ́tìnnì tó ń gé òwú bá wà, ẹ lò ó. Tí kò bá sí, abẹ kékeré kan máa ń wà lára maṣíìnì lápá òsì tí ẹ ó fa òwú mọ́, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ òsì yín lè ṣe é. Ẹ wá ṣẹ́ aṣọ sí mẹ́rin kí ẹ rán an. Tí ẹsẹ̀ maṣíìnì bá kọ̀ láti gun orí ìṣẹ́po, ẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí i, ọ̀pọ̀ ló ní ibi gíga kejì tí ẹ lè tì í dé, àmọ́ ó máa ń le. Ẹ dá aṣọ dojú dé. Tí òwú òkè bá hàn sísàlẹ̀, wọn ò tò ó dáadáa tàbí òwú òkè kò wọ àwo, ẹ tún un kì kí ẹ tó dá maṣíìnì lẹ́bi.

Ẹ má jẹ́ kí iye oríṣi ìrán tàn yín jẹ. Ìrán gbọọrọ, sígísáàgì, àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe ihò bọ́tìnnì ní ìgbésẹ̀ kan ti tó fún gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń gé òwú wúlò fún yín ju igba oríṣi òdòdó lọ.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tíì fi òwú sí i. Ẹ kọ́kọ́ rán bébà tó ní ìlà láìsí òwú, kí ọwọ́ lè mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó ti gbó ṣe é, torí bébà máa ń mú kí ẹnu abẹ́rẹ́ kú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ na ìka kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá fúyẹ́, ẹ yí òwú funfun, dúdú àti àwọ̀ tí ẹ ń lò jù sórí bọ́bìn bíi mẹ́jọ, kí ẹ tò wọ́n pamọ́ fún ọjọ́ tí kò ní fúyẹ́.

AránṣọTuntun

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan péré ló kù: síkúrù tó di abẹ́rẹ́ mú yẹn kéré púpọ̀. Báwo ni mo ṣe máa máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́?

Atúnmaṣíìnìṣe

Ẹ má fi ìka tú u. Ẹ ra síkúrùdíráfà tí ọwọ́ rẹ̀ sanra tó sì kúrú, tàbí èyí tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí àtẹ́lẹwọ́ lè yí. Ẹ pa iná maṣíìnì, ẹ tẹ́ bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ lé e, kí abẹ́rẹ́ má bàa já bọ́ sínú ihò tó lọ sí ibùdó bọ́bìn. Ẹ dẹ síkúrù ní ìwọ̀n ìdajì yíyípo kan, ẹ má yọ ọ́ tán, torí wíwá a nílẹ̀ á le ju pípààrọ̀ abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun gún ìrọ̀rí pínnì kékeré kan láti ẹnu, kí ẹ lè máa di ìrọ̀rí náà mú dípò abẹ́rẹ́. Ìdí abẹ́rẹ́ inú ilé máa ń pẹlẹbẹ lápá kan. Ní ọ̀pọ̀ maṣíìnì, apá pẹlẹbẹ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn. Ẹ tì í sókè títí yóò fi kan ohun tó le, ẹ máa tì í bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fún síkúrù le. Tí kò bá dé òkè pátápátá, ojú ìrán á máa fò, irin tó ń ki òwú pẹ̀lú kò ní rí ojú abẹ́rẹ́.

Nọ́ńbà 80 ni kí ẹ fi rán àpò ìrọ̀rí àti aṣọ ọmọdé, 90 fún kọ́tìnnì tó nípọn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ìránṣọ, tàbí lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún “pọ́, pọ́” bó ṣe ń wọ aṣọ.